Àlejò àti Onílé: Bí A Ṣe Lè Wọn Ìròyìn Ikú Ironsi àti Fájuyì



Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín ní oṣù yìí dá lórí ikú ènìyàn méjì. Èkíní ni Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, ẹni tí ó di olórí ìjọba Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1966. Èkejì ni Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn ní àkókò kan náà. Ọjọ́ kan náà ni àwọn ṣọ́jà pa àwọn méjèèjì, ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1966, lẹ́bàá Ìbàdàn. Ironsi ni àlejò, Fájuyì ni onílé.

Láti Ìkéré títí dé Ìsẹ̀ àti Èmùré, kò sí ilé tí wọn kò ti sọ ìtàn yìí rí. Ẹni tí ó bá sì lọ sí Adó á gba oríta tí a fi orúkọ Fájuyì pè kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ènìyàn mẹ́ta sọ ìtàn náà fún yín, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ óò gbọ́. Ọ̀kan á ní wọ́n sọ fún Fájuyì pé kí ó yàgò, òun sì fèsì pé bí wọ́n bá máa pa àlejò òun, kí wọ́n pa òun mọ́ ọn. Èkejì á ní Fájuyì gan-an ni wọ́n ń wá, nítorí pé ó mọ̀ nípa ìdìtẹ̀ oṣù kìíní. Ẹ̀kẹta á rẹ ohùn sílẹ̀, á wo ọ̀tún wo òsì, á ní àwọn Mùsùlùmí òkè Ọya ni wọ́n gbẹ̀san Sàdáúná.

Ọ̀rọ̀ kẹta yìí ni ó jẹ́ kí a yan ẹ̀kọ́ yìí. Ní agbègbè wa, ọmọ ìyá kan náà ni Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì nínú ọ̀pọ̀ ilé. Bí ẹnìkan bá wá sọ fún ọmọkùnrin Mùsùlùmí ní ilé ìwé pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n pa akọni Èkìtì, òun náà á wá èsì. Èsì tí ó sì máa ń yá lẹ́nu ni èkejì yẹn, pé ẹni tí ó bá bá apànìyàn ṣe ọ̀rẹ́ kò gbọdọ̀ ráhùn. Báyìí ni a ti ń ju òkò lu ara wa, orí òkú ni a sì dúró lé tí a fi ń jù ú.

OHUN TÍ KÒ SÍ IYÀN NÍNÚ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kó ohun tí gbogbo ènìyàn gbà jọ, kí a tó dé ibi tí ẹnu kò ti kò.

Ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gágun kan, tí àwọn tí ó ṣáájú wọn jẹ́ mọ́jò, dìtẹ̀ mọ́ ìjọba alágbádá. Wọ́n pa Alùhájì Abubakar Tafawa Balewa tí ó jẹ́ olórí ìjọba. Wọ́n pa Sàdáúná ti Sókótó, Ahmadu Bello, ní Kàdúná. Wọ́n pa Olóyè S.L. Akíntọ́lá ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa Okotie-Eboh tí ó jẹ́ mínísítà ìṣúná. Wọ́n pa àwọn àgbà ológun pẹ̀lú, èyí tí Ọ̀gágun Abogo Largema wà lára wọn. Ẹ fi orúkọ Largema yìí sọ́kàn, a ó padà sí i. Òun ni ó ń darí bàtálíọ̀nù kẹrin tí ó wà ní Ìbàdàn. Èkó ni ó wà ní òru náà, òtẹ́ẹ̀lì Ìkòyí sì ni wọ́n ká a mọ́ tí wọ́n fi pa á.

Ìjọba kò bọ́ sí ọwọ́ àwọn mọ́jò náà. Ọwọ́ Ironsi, tí ó jẹ́ ọ̀gá gbogbo àwọn ológun, ni ó bọ́ sí. Ó fi Fájuyì jẹ gómìnà ní Ìwọ̀ Oòrùn, Ojukwu ní Ìlà Oòrùn, Hassan Katsina ní Àríwá, Ejoor ní Àárín Ìwọ̀ Oòrùn. Ó ti àwọn tí ó dìtẹ̀ mọ́lé, ṣùgbọ́n kò gbé wọn dé iwájú adájọ́. Oṣù ń gorí oṣù, àwọn ṣọ́jà Àríwá ń wò ó. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, Ironsi ṣe òfin tí a mọ̀ sí Òfin 34, èyí tí ó fẹ́ sọ gbogbo àgbègbè di abẹ́ ìjọba kan ṣoṣo. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ìlú Àríwá, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ Íbò níbẹ̀.

Ta ni Fájuyì? Wọ́n bí i ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1926. Ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó wọ iṣẹ́ ológun, ó sì ti ìsàlẹ̀ gòkè. Ní ọdún 1951, nígbà tí ó ṣì jẹ́ sájẹ́ńtì, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ nítorí ipa tí ó kó láti pẹ̀tù sí àwọn ṣọ́jà tí ó fẹ́ ṣọ̀tẹ̀ nítorí oúnjẹ. Ó tún gba àmì ẹ̀yẹ akọni ní Kóńgò, níbi tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti ṣiṣẹ́ fún Àjọ Àgbáyé. Ẹ kíyèsí i pé ọkùnrin tí Gẹ̀ẹ́sì fi àmì ẹ̀yẹ dá lọ́lá nítorí pé ó pa iná ọ̀tẹ̀, ọwọ́ ọlọ̀tẹ̀ ni ó kú sí. Ó lé díẹ̀ ní oṣù kan tí ó pé ẹni ogójì ọdún nígbà tí wọ́n pa á.

Ní ọjọ́ 28 oṣù keje, Ironsi wà ní Ìbàdàn láti bá àwọn ọba láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà sọ̀rọ̀. Ilé ìjọba ní Agodi, lọ́dọ̀ Fájuyì, ni ó sùn. Ní òru yẹn, àwọn ṣọ́jà ṣọ̀tẹ̀ ní bárékè Abẹ́òkúta, wọ́n pa àwọn ọ̀gá wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ṣọ́jà bàtálíọ̀nù kẹrin ti yí ilé ìjọba ká. Ẹni tí ó ṣáájú wọn ni T.Y. Danjuma, tí ó jẹ́ mọ́jò nígbà náà. Wọ́n mú Ironsi àti Fájuyì, wọ́n gbé wọn sínú ọkọ̀, wọ́n gba ọ̀nà Ìwó lọ sí ìhà Lálúpọn. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n yìnbọn pa wọ́n nínú igbó, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

Gowon gba ìjọba ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ. Ọmọ Èkìtì mìíràn, Adéyinká Adébáyọ̀ ará Ìyìn, ni ó gba ipò Fájuyì ní Ìbàdàn.

TA NI Ó WÀ NÍBẸ̀?

Láti ibi yìí lọ ni ọ̀rọ̀ ti di púpọ̀. Kí a tó wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó fa sísọ̀kalẹ̀ àáyà kẹfà nínú Sùrátul-Hujuraat.

Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó túmọ̀ Àlùkùránì ti sọ, Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, rán al-Walid bin Uqba sí àwọn ará Banu al-Mustaliq pé kí ó lọ gba sàká wọn wá. Ìjà àtijọ́ ti wà láàrin wọn kí Ìsìláàmù tó dé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìránṣẹ́ Ànábì ń bọ̀, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n jáde lọ pàdé rẹ̀. Al-Walid rí èrò lọ́ọ̀ọ́kán, àyà rẹ̀ já, ó yí ẹ̀yìn padà sí Mẹ̀dínà. Ó ní wọ́n kọ̀ láti san sàká, àti pé wọ́n fẹ́ pa òun. Díẹ̀ ni ó kù kí ogun ká àwọn tí ó jáde wá pàdé àlejò mọ́lé.

Èrò tí al-Walid rí, òótọ́ ni. Ohun tí ó wà nínú àwọn èrò náà ni kò rí. Ìjà àtijọ́ àti ẹ̀rù ni ó bá a kọ èyí tí ó kù. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ hàdíìsì kì í fi í dúró lórí pé ẹnìkan sọ̀rọ̀. Wọ́n á béèrè pé: ta ni ó sọ ọ́ fún ọ? Ṣé òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀? Ṣé iyè rẹ̀ pé? Ṣé ó ní ohun tí ó máa jẹ nínú ọ̀rọ̀ náà? Ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn ẹlẹ́rìí Agodi sórí òṣùwọ̀n yìí.

Danjuma wà níbẹ̀. Ó ti sọ tirẹ̀ ní gbangba. Ó ní òun fẹ́ mú Ironsi kí ó wá jẹ́jọ́ ni, kì í ṣe kí wọ́n pa á. Ó ní Gowon kìlọ̀ fún òun lórí tẹlifóònù pé kí wọ́n má ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ó ní àwọn ṣọ́jà ni wọ́n gba àwọn méjèèjì lọ́wọ́ òun lẹ́yìn tí òun ti mú wọn. Ẹlẹ́rìí tí ojú rẹ̀ rí i ni, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí ọ̀ràn náà kàn ni pẹ̀lú. A kò ní tìtorí èyí pè é ní òpùrọ́, nítorí pé a kò ní ẹ̀rí tí a máa fi pè é bẹ́ẹ̀. Níbi tí ẹ̀rí rẹ̀ bá ti ń wẹ òun fúnra rẹ̀ mọ́, kí a rọra gbà á, kí a máa wá ẹlòmíràn tí ó máa tì í lẹ́yìn. Níbi tí ó bá ti gbé ẹni tí òun lọ mú ga, ibẹ̀ ni kí a tẹ́tí sílẹ̀ jù. Ó sì sọ irú rẹ̀ kan. Nínú ìròyìn Danjuma, Fájuyì ni ó kọ́kọ́ jáde wá bá wọn, ó béèrè ohun tí wọ́n ń wá, ó sì ní kí Danjuma ṣèlérí pé wọn kò ní ṣe àlejò òun ní ibi. Danjuma ní òun ṣe ìlérí náà.

Àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gágun méjì tí ó máa ń tẹ̀lé Ironsi kiri wà níbẹ̀ pẹ̀lú: Andrew Nwankwo tí ó jẹ́ ọmọ Íbò, àti Sani Bello tí ó jẹ́ ọmọ Àríwá. Àwọn méjèèjì là á já. Ẹlẹ́rìí ni ẹni tí ó rí ikú ní ojúkojú tí ó sì sá mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń sá fún ẹ̀mí rẹ̀ kì í ní àyè láti ka iye ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn sọ.

Àwọn tí ó wà ní Lálúpọn títí dé òpin ni àwọn ṣọ́jà tí ó mú ìbọn dání. Ẹjọ́ tiwọn kò sì dé iwájú adájọ́ kankan rí.

Nísinsìnyí ẹ wo ẹni tí ń sọ ìtàn fún wa ní ìdí ayò. Òun á sọ gbólóhùn tí Fájuyì sọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé abẹ́ tábìlì ni ó wà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Bí ẹ bá bi í pé ta ni ó gbọ́ ọ, á ní gbogbo ayé ni ó mọ̀ ọ́n.

Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú ní Èkìtì, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ. Ohun tí ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ ni pé Fájuyì dúró láàrin àwọn ṣọ́jà àti àlejò rẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ fún un, ó sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Pé wọ́n ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un kí ó máa lọ, tí ó kọ̀, èyí ni ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Àwọn kan nínú àwọn ológun Àríwá tilẹ̀ ti sọ pé kò sí ẹni tí ó ṣí ọ̀nà kankan fún un. Ṣé èyí wá dín iyì rẹ̀ kù? Lójú tèmi, kò dín in kù rárá. Ọkùnrin tí ìbọn yí ilé rẹ̀ ká, tí ó jẹ́ pé ìlérí lórí ẹ̀mí àlejò ni ó ń tọrọ, kò nílò kí a fi iyọ̀ kún ọbẹ̀ rẹ̀. Àwa Yorùbá ni a fẹ́ràn ìtàn náà ní ọ̀nà kejì, nítorí pé bí a ṣe fẹ́ kí onílé rí ni.

ỌRÀN ÌKỌ̀KỌ̀

Ó ku àwọn tí ó ń sọ pé ohun tí a rí ní Agodi kì í ṣe òótọ́ ọ̀rọ̀, pé inú yàrá ni kí a wò. Kí ni àwọn ọkùnrin wọ̀nyí jẹ́ sí ara wọn ní ìkọ̀kọ̀? Ta ni ọ̀rẹ́ ta ni?

Wọ́n ní ọ̀rẹ́ ìkọ̀kọ̀ àwọn mọ́jò oṣù kìíní ni Fájuyì. Òótọ́ ni pé àwọn ṣọ́jà Àríwá gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀, ìgbàgbọ́ yẹn sì wà nínú ohun tí ó pa á. Ṣùgbọ́n pé ènìyàn gbà nǹkan gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pànìyàn kò sọ nǹkan náà di òtítọ́. Fájuyì kò sí lára àwọn tí ó jáde ní òru ọjọ́ 15 oṣù kìíní, kò sì yìnbọn pa ẹnikẹ́ni. Ní ti ọ̀rẹ́, gbogbo ológun Nàìjíríà nígbà náà kò ju bí 10,000 lọ. Àwọn ọ̀gágun wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fi mọ ara wọn. Wọ́n jọ lọ sí Kóńgò, wọ́n jọ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú òyìnbó, wọ́n jọ jẹun nínú bárékè. Bí a bá ní kí a fi ọ̀rẹ́ dá ènìyàn lẹ́bi, kò sí ẹni tí ó máa bọ́ nínú wọn, títí kan àwọn tí ó pa á.

Ọ̀ràn ìkọ̀kọ̀ kan wà tí ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ju èyí lọ, àwọn ènìyàn kì í sì í sọ ọ́ tó. Ẹ rántí Largema. Àwọn ṣọ́jà tí ó yí ilé Fájuyì ká, bàtálíọ̀nù kẹrin ni wọ́n. Ọ̀gá wọn ni àwọn mọ́jò pa ní Ìkòyí. Wọ́n ti ń ṣọ́ ilé ìjọba Ìbàdàn fún oṣù mẹ́fà, wọ́n ń sálúùtù àwọn tí ó bọ́ sórí oyè nítorí òru tí ọ̀gá wọn kú, wọ́n sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́. Èyí kò wẹ ọwọ́ wọn mọ́. Ẹni tí kò pa Largema ni wọ́n pa dípò ẹni tí ó pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí inú ṣọ́jà kékeré fi gbóná tó bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ yẹn, ó dára kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀fọ̀ tí kò rí ìdájọ́, kí ó tó máa wá ìpàdé òru tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nì ńkọ́? Ironsi ní ọ̀nì kékeré gbígbẹ kan tí ó máa ń mú lọ́wọ́ bí ọ̀pá ọ̀gágun. Láti Kóńgò ni àwọn ènìyàn ti ń sọ pé ìbọn kì í ràn án nítorí rẹ̀. Nígbà tí ó kú, àwọn kan ní wọ́n ti gba ọ̀nì náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó lè pa á. Àwọn mìíràn ní kò kú rárá, ó pòórá ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìbọn ràn án. Wọ́n rí òkú rẹ̀, wọ́n sì sin ín sí Umuahia ní oṣù kìíní ọdún 1967.

Kì í ṣe Nàìjíríà ni wọ́n ti kọ́kọ́ wá ìdí ikú olórí ìlú lọ sí inú yàrá. Ní ọdún 40 lẹ́yìn Hijira, èyí tí ó jẹ́ ọdún 661, Abdur-Rahman bin Muljam fi idà ṣá Sàyídínà Ali ní mọ́sáláṣí Kufa. Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù nípa rẹ̀ ni ti obìnrin kan tí ń jẹ́ Qatam, ẹni tí bàbá àti arákùnrin rẹ̀ kú ní ogun Nahrawan. Wọ́n ní Ibn Muljam fẹ́ fẹ́ ẹ, ó sì ní ẹ̀mí Ali wà lára owó orí tí òun máa gbà. Ìtàn náà wà nínú ìwé àwọn àgbà onítàn. Ṣùgbọ́n àwọn onítàn kan náà sọ fún wa pé Ibn Muljam àti àwọn méjì mìíràn nínú àwọn Khawarij ti pinnu ní Mẹ́kà láti pa Ali, Mu'awiya àti Amr bin al-As ní ọjọ́ kan náà, kí ó tó dé Kufa tí ó fi rí Qatam. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni obìnrin náà fi kún un? Ó lè jẹ́ pé ó fi nǹkan kún un lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ìtàn owó orí ni ó rọrùn láti rántí ju ìjà lórí ìdájọ́ Siffin lọ. Bí obìnrin bá wà nínú ìtàn, etí a máa yá gágá, àwọn ọmọkùnrin inú ẹgbẹ́ wa mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ.

Ohun kan yàtọ̀ nínú ọ̀ràn ti Kufa. Wọ́n mú apànìyàn náà láàyè, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n gbọ́ ẹnu rẹ̀. Wọ́n sì gbà á wá pé Sàyídínà Ali, pẹ̀lú ọgbẹ́ ní orí rẹ̀, kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má pa ẹlòmíràn nítorí òun, àti pé bí òun bá kú, kí wọ́n má ṣe kọjá ìwọ̀n lórí ẹni tí ó ṣe é. Kò sí ẹni tí ó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ṣọ́jà ní ọdún 1966, tàbí bí wọ́n bá sọ ọ́, kò wọ̀ wọ́n létí. Láti ọ̀gá dé orí ọlọ́jà, àwọn ọmọ Íbò tí kò mọ ohunkóhun nípa oṣù kìíní ni wọ́n ń pa kiri ní ọdún yẹn.

ṢÉ ÌJÀ Ẹ̀SÌN NI?

Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ dáhùn. Nínú àwọn tí wọ́n pa ní oṣù kìíní, Mùsùlùmí ni Balewa, Sàdáúná, Maimalari, Kur Mohammed àti Largema. Kìrìsìtẹ́nì ni Akíntọ́lá, Okotie-Eboh, James Pam ọmọ Jos, Unegbe tí ó jẹ́ ọmọ Íbò, àti Adémúlẹ́gùn tí ó jẹ́ Yorùbá, ẹni tí wọ́n pa pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ní Kàdúná. Ní oṣù keje, Mùsùlùmí ni Murtala Muhammed, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó ṣáájú àwọn ológun Àríwá. Ṣùgbọ́n Kìrìsìtẹ́nì ni Danjuma tí ó wọ ilé Fájuyì. Gowon tí ìjọba bọ́ sí lọ́wọ́, ọmọ oníwàásù ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Ẹni tí ó bá wo orúkọ wọ̀nyí tí ó tún ní mọ́sáláṣí ni ó pa Fájuyì, ó ti pinnu kí ó tó wò ó. Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi èyí bo ohun tí ó jẹ́ òótọ́. Ikú Sàdáúná àti Balewa dun àwọn Mùsùlùmí Àríwá gan-an, inú àwọn kan dùn ní gbangba sí ikú wọn, èyí sì fi epo sí iná. Bí Mùsùlùmí bá sì wà nínú àwọn tí ó pa ènìyàn láìṣẹ̀ ní oṣù keje, iṣẹ́ wọn kò di rere nítorí pé wọ́n ń kírun. Sùrátun-Nisaa, àáyà 135, kò fi àyè sílẹ̀ fún wa láti yí ẹ̀rí nítorí ìbátan. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé Mùsùlùmí ni ó pa á, ẹ má ṣe fèsì pé ọlọ̀tẹ̀ ni. Àhesọ ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀sùn tí kò ní ẹlẹ́rìí sì ni èkejì, lórí òkú tí ọmọ rẹ̀ àti ìyekan rẹ̀ ń bẹ láàrin wa.

ÌDÍ TÍ KÒ FI PARÍ

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà ní tútù fún bí ọgọ́ta ọdún, mo máa ní ìjọba ni. Wọ́n pa olórí ìlú àti gómìnà ní oṣù keje ọdún 1966, ìjọba kò sì kéde ikú wọn fún ará ìlú títí di oṣù kìíní ọdún 1967. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́fà. Ojukwu ń béèrè láti Enugu pé níbo ni olórí ológun wà, ó sì kọ̀ láti gba Gowon ní ipò rẹ̀. Ẹ̀yìn ìpàdé Aburi ní Gánà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní yẹn, ni ìkéde tó jáde. Nígbà náà ni wọ́n gbé òkú Fájuyì wá sí Adó-Èkìtì tí wọ́n sì sin ín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ológun. Bí ilé bá ṣófo fún oṣù mẹ́fà, eku á ti gbà á. Ọ̀rọ̀ pé ó pòórá, ọ̀rọ̀ pé wọ́n ń wá a, ọ̀rọ̀ pé wọ́n kò wá a, inú oṣù mẹ́fà yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ti rí ibi hù.

Lẹ́yìn náà ogun abẹ́lé dé ní ọdún 1967, ìdákẹ́jẹ́ mìíràn sì bo ti àkọ́kọ́. Àwọn tí ó ṣe é di ọ̀gá, àwọn kan nínú wọn jẹ gómìnà, àwọn kan di olórí ìjọba. Murtala fúnra rẹ̀ di olórí ìlú ní ọdún 1975, àwọn ológun sì yìnbọn pa òun náà nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Ìkòyí, ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976. Ní ti ikú Murtala, ìjọba dá àwọn ènìyàn lẹ́jọ́, wọ́n sì pa wọ́n láàrin oṣù mélòó kan. Ní ti ikú Ironsi àti Fájuyì, kò sí ẹjọ́ kankan. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní ọdún 1999, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Chukwudifu Oputa, wọ́n sì ní kí ó wo ìwà ìkà láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966. Ìgbìmọ̀ náà fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2002. Ìjọba kò gbé e jáde fún ará ìlú.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ẹ ṣe kí a tó pàdé ní asálátù ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ nìyí. Kí olúkúlùkù bá àgbà kan sọ̀rọ̀ nínú ilé tàbí ní àdúgbò rẹ̀, Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, ẹni tí ó ti gbọ́njú ní ọdún 1966. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó nílẹ̀, ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ pín ojú ìwé yín sí méjì. Ní apá kan, ẹ kọ ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí: ibi tí wọ́n wà, ohun tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò, bí ìlú ti rí ní ọjọ́ tí òkú Fájuyì dé. Ní apá kejì, ẹ kọ ohun tí ẹlòmíràn sọ fún wọn, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ bí wọ́n bá rántí. Àwọn àgbà wọ̀nyí kò pọ̀ mọ́, nítorí náà ẹ má ṣe fi í di oṣù tí ń bọ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ṣe ṣọ́jà rí, kí ó tètè sọ fún akọ̀wé, a ó jọ lọ sọ́dọ̀ wọn.